Àtẹ́lẹwọ́ Ara Ògiri Ọ̀dẹ̀dẹ̀

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ." Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Wọ́n ń pa á fún aláìgbọràn, wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń wá ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ẹ dá mi lóhùn ná: kí ni ilé ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ ọmọ? Ọmọ la bí, kì í ṣe ògiri! Ògiri kì í sunkún, kì í mu ọmú. Kí la wá ń wò lára rẹ̀? Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni n óò sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ n parí.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àgbọ̀n, Ládòkun lorúkọ rẹ̀. Obì lòun àti Oyèníhùn ìyàwó rẹ̀ lọ ń tà lókè Ọya, ọdún méjìlá ni wọ́n sì lò níbẹ̀. Kí wọ́n tó padà dé, ilé baba rẹ̀ ti di ahoro. Bẹ́ẹ̀rẹ̀ orí òrùlé ti jẹrà, òjò ti wọ gbogbo yàrá, agbọ́n ti kọ́lé sábẹ́ àjà, aláǹgbá sì ń yan kiri bí ẹni pé àwọn ló jogún ibẹ̀. Àwọn ẹbí ti fọ́n ká sóko. Ìyá Àwẹ̀ró nìkan, àbúrò baba Ládòkun, ló ṣẹ́kù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìyá yìí á po bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, á fi rẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá yòókù ń wó, kò kàn án. Ògiri kan yẹn ṣáá ni.

Ládòkun bú sẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. "Ìyá, ṣé òkú lẹ ń fi osùn kùn ni? Wíwó ni n óò wó o. Ilé alájà onípáànù ni n óò kọ́ síbẹ̀."

"Tún un ṣe ni, ọmọ mi. Ohun tó wà lára ògiri yìí, owó rẹ ò lè rà á."

"Ìdọ̀tí ló wà lára rẹ̀!"

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ bá Ògúnjìmí, olórí àwọn mọlémọlé, ó ní kó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá wó o.

Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, Oyèníhùn bímọ ní ilé aládùúgbò tí wọ́n wọ̀ sí. Ọkùnrin! Ọdún méjìlá gbáko ni obìnrin yìí ti ń wá ọmọ. Ayọ̀ ṣubú layọ̀. Ládòkun wọlé, ó ṣí aṣọ lára ọmọ, ó ka ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tún un kà. Mẹ́fà ni.

Ojú rẹ̀ yí padà. "Oyèníhùn, a ò bí irú èyí rí nílé wa."

"Kí lẹ ń sọ, bàálé mi?"

"Ohun tí o gbọ́ ni mo sọ. Lọ́jọ́ kẹjọ, kí bàbá rẹ wá sọ ọ́ lórúkọ. Kò ní í jẹ́ orúkọ ilé mi."

Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin! Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Olúgbódi là ń pe ọmọ oníka mẹ́fà, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ohun tí Ládòkun ń wí ni pé ọmọ náà kì í ṣe tòun. Lójú agbo ìkómọ sì ni bàbá Oyèníhùn yóò ti gbọ́ ọ! Obìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Oko ni Ìyá Àwẹ̀ró wà ní gbogbo àsìkò yìí. Òwúrọ̀ ọjọ́ keje ló dé. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tú ọwọ́ rẹ̀, ó sì hó yèè. "Baba baba mi rèé! Ìyàwó wa, kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún?"

Oyèníhùn ròyìn fún un. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni nǹkan dún lókèèrè, gbì! gbì!

"Kí nìyẹn?"

"Ilé ni wọ́n ń wó, Ìyá."

Arúgbó gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, ó ju ọ̀pá nù! Ẹni tí kì í rìn kó má sinmi, eré ló ń sá, gèlè bọ́ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti wó gbogbo yàrá ẹ̀yìn, wọ́n ti gba igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́hùn-ún wọlé. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ẹ wó mi mọ́ ọn!"

Ògúnjìmí dá ọkọ́ dúró lókè. Ládòkun sáré dé. "Ìyá, ẹ dìde, ẹ má dójú tì mí!"

"Ìwọ lò ń dójú ti ara rẹ! Ẹ bu omi fún mi! Nílé yìí, ọjọ́ tí a bá sọ àkọ́bí ọkùnrin lórúkọ, àwa obìnrin ilé a máa tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ bọ́tọ tútù lára ògiri yìí. Ẹ̀yin ọkùnrin ò mọ̀, oúnjẹ lẹ máa ń jẹ níta. Bó bá gbẹ, a ó rẹ́ òmíràn bò ó kí òjò má bàa jẹ ẹ́."

Ó da omi sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èékánná họ ọ́. Bọ́tọ ń ṣí bí èèpo iṣu. Àtẹ́lẹwọ́ pínníṣín kan yọ! "Tìrẹ nìyí, Ládòkun." Ìka márùn-ún. Ó sún díẹ̀, ó tún họ ọ́. "Ti bàbá rẹ." Márùn-ún. Èrò ti pé. Ó tún họ ọ́. "Ti bàbá tèmi." Márùn-ún náà ni.

"Ìyá, ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Ládòkun ní.

"Pa ẹnu rẹ dé!"

Ó ku ẹyọ kan, etí ibi tí ọkọ́ dé gan-an ló sì wà. Ògiri ti là níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ń dà wuuru. Ògúnjìmí fúnra rẹ̀ ju ọkọ́ nù, ó fi èjìká ti ògiri. "Ẹ họ ọ́, Ìyá! Ẹ ṣe kíá!" Ìyá tún họ ọ́. Àtàǹpàkò yọ. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Ẹ̀karùn-ún. Èrò sún mọ́ ọn. Ó tún họ ọ́ díẹ̀ sí i, ìka tín-ín-rín kan sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín.

"Ẹ̀kẹfà!" Igbe ta! Àwọn obìnrin ń jó, àwọn mọlémọlé ń fò sókè.

"Baba baba mi, Olúgbódi!" Ìyá Àwẹ̀ró ń sunkún ayọ̀. "Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi. N kò fojú ara mi rí i rí."

Ládòkun sáré padà sílé aládùúgbò tọ ìyàwó rẹ̀ lọ, ó kúnlẹ̀. "Dárí jì mí, Oyèníhùn. Mo ti rí i lára ògiri. Ọmọ mi ni."

Oyèníhùn fa ọmọ mọ́ra. "Bí wọ́n bá ti wó o tán kí Ìyá tó dé ńkọ́?"

Ládòkun dìde. Ó jáde, ó ní kí Ògúnjìmí bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀, àtúnṣe ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá Oyèníhùn dé pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó wo òrùlé tó ti ṣí sílẹ̀, ó wo amọ̀ tútù. "Àna mi, ṣé inú àwókù yìí la ti fẹ́ sọmọ lórúkọ?"

Ládòkun dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tọ tútù, ọkùnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe é nílé náà. Ó ní, "Bàbá, mo ṣìwà hù sí ọmọ yín. Ògiri yìí ló kó mi yọ, òun ló ní ká pe ọmọ ní Olúgbódi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."