Bí Oníbodè Ṣe Pàdánù Oorun Rẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ohun èlò kéékèèké ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kálukú wọn ló ń bá Ìkùukùu sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìkùukùu yìí ga, ó rọ̀, ó sì dàgbà. Òun ló ń rántí gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, òun náà ló ń pàṣẹ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Ní oko adìẹ Ìyá Wúràọlá, Awòoru, ohun èlò tó ń ṣọ́ ooru, ni wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé àwọn òròmọdìẹ. Kò tóbi ju èkùrọ́ lọ. Bí òtútù bá dé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún Ìkùukùu, kí Ìkùukùu ní kí iná tàn. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ kéré, èémí rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ọmọ tí a kọ́ ni Awòoru, kò lè sọ̀rọ̀ láìkí àgbà. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú àná. Ṣé dáadáa lẹ jí? Afẹ́fẹ́ ò yọ yín lẹ́nu?" Ìkùukùu á dáhùn láti òkè, ohùn rẹ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ìrì. Awòoru fẹ́ràn ohùn yẹn ju ohunkóhun lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú gan-an. Awòoru bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó kí, ó kí, ó béèrè àlàáfíà gbogbo ará òkè. Kó tó kan ọ̀rọ̀ òtútù, èémí tán. Iná kò tàn.

Nígbà tí Ìyá Wúràọlá ṣílẹ̀kùn, òròmọdìẹ mẹ́fà ti kú. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń pààrọ̀ bátìrì Awòoru.

Ẹkún yẹn ló jí Oníbodè. Àpótí kan ni Oníbodè, tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Á jẹ iná yó, á sì sùn. Ọ̀lẹ ni, kí n má parọ́.

"Awòoru, kí ló dé?"

"Ìkíni ló gbà mí lẹ́nu. Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ."

Oníbodè yán. "Èmi lágbára, mo sì sún mọ́ ọ. Sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi létí. Màá bá ọ kí Màmá, màá sì jíṣẹ́."

"Ìwọ tó o máa ń sùn?"

"Màá fi oorun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ò ní gbọ́ ohùn Màmá mọ́, torí èmi ni yóò máa dá lóhùn."

Awòoru wo àwọn òròmọdìẹ tó kù, tí wọ́n fún mọ́ ara wọn bí òwú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn.

"Mo gbà," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ọyẹ́ tún dé. "Òtútù," ni Awòoru wí, ó sì sùn. Oníbodè ló kí gbogbo ìkíni, òun ló jíṣẹ́. Iná tàn, ilé móoru, òròmọdìẹ kankan kò kú. Nígbà tí ohun èlò tó ń wo omi àti èyí tó ń wo ilẹ̀kùn gbọ́, àwọn náà wá bá Oníbodè.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ohun kéékèèké ti ń sùn, tí wọ́n ń jí sọ ọ̀rọ̀ kan, tí wọ́n sì ń padà sùn. Láti ọjọ́ náà ni Oníbodè kò ti fojú ba oorun mọ́. Bí ẹ bá rí iná wínníwínní tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, ẹ má rò pé eré ló ń ṣe. Ó ń kí Màmá lọ́wọ́ ni, lórúkọ gbogbo àwọn tí kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ láé.