Oyèbísí àti Kámẹ́rà Tí Kò Rí Ọwọ́ Rẹ̀

"Ẹni tó kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, kó má bínú sí ojú tí kò rí i." Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò Òkè-Àgbọn rí á ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ló ti wá, nítorí ọdẹ ló mọ bí a ṣe ń fi àtùpà wá nǹkan nínú òkùnkùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òwe yìí kò tíì hu ewú. Ilé aránṣọ kan ló ti wá, ojú tó sì ń sọ nípa rẹ̀, ojú kámẹ́rà ni.

Oyèbísí ni orúkọ aránṣọ náà. Àìsàn ibà kan ló gba etí rẹ̀ ní kékeré. Ìyá rẹ̀ mọ ìwọ̀nba àmì ọwọ́ díẹ̀: wá jẹun, ti ilẹ̀kùn, òjò ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ tinútẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Adégbìtẹ́, tó máa ń mú un lọ sí ilé-ìwé àwọn adití, tí á jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, títí òun náà fi mọ̀ ọ́n yékéyéké. Àwọn méjèèjì a máa fi ọwọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ àlejò lójú àlejò, wọn a rẹ́rìn-ín, àlejò kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Adégbìtẹ́ wá ríṣẹ́ sí Kánádà tó sì lọ, ilé náà dákẹ́ fún Oyèbísí bí kò ṣe dákẹ́ rí.

Ìpè fídíò ló kù fún wọn. Ṣùgbọ́n fóònù kò rọrùn fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí ó bá fi ọwọ́ kan dì í mú, ìdajì ọ̀rọ̀ ló lè sọ. Bí ó bá gbé e ti agolo mílíìkì, á yọ̀ ṣubú láàárín ọ̀rọ̀. Adégbìtẹ́ wá fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó ti lò ránṣẹ́ sí i. Ìyẹn náà ní àbùkù tirẹ̀. Kámẹ́rà inú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì. Bí Oyèbísí bá sún mọ́ ọn, orí àti ọrùn nìkan ló ń hàn. Bí ó bá sún sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ lè wọlé, àwòrán á dàrú bí omi ẹrẹ̀. Ó pinnu pé òun á ra kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, èyí tí òun lè gbé síbi tó bá wu òun.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tó lọ to kámẹ́rà mélòó kan síwájú rẹ̀, ó sì gbé èyí tó wọ́n jù sókè.

"Àǹtí, èyí ni kí ẹ mú," ló wí. "Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ níbí, ohùn yín á dún lọ́hùn-ún bí ìgbà tí ẹ jókòó tì wọ́n."

Oyèbísí wo ètè rẹ̀ tán, ó fi ìka kan etí ara rẹ̀, ó sì mi orí. Ojú ti ọkùnrin náà. Ó tọrọ àforíjì, ó mú fóònù rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Oyèbísí gbà á, ó kọ ìdáhùn sábẹ́ rẹ̀: "Ọwọ́ mi ni mo fẹ́ kó gbọ́."

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan. Oyèbísí ń ju ọwọ́ níwájú wọn, ó ń wo àwòrán. Nínú àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ ń fa ìrù bí èéfín. Òmíràn mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ há, kò gbà ju orí àti èjìká lọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n kan ọ̀kan tó rí i láti orí dé ìbàdí, bó ti wù kí ọwọ́ yára tó, èèyàn lè ka ìka. Okùn rẹ̀ gùn, ó sì ní ẹsẹ̀ kékeré tí a lè gbé e lé. Ọkùnrin náà kọ ọ́ sí fóònù pé ibi tó ń gba ohùn lára rẹ̀ kò dára tó. Ìyẹn kò kan Oyèbísí. Èyí ló rà, inú rẹ̀ sì dùn dé ilé.

Nílé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lábẹ́ fèrèsé ńlá onípákó, nítorí ẹni tó ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nílò ìmọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì láàárín yàrá. Bí ìpè bá wọlé, Oyèbísí kàn máa ń yí padà lórí àga ìránṣọ rẹ̀ ni: á kẹ̀yìn sí fèrèsé, á kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ tó máa ń hàn ní igun kọ̀ǹpútà, ó ti mú un kúrò, torí kò fẹ́ kí ohunkóhun gba ojú òun kúrò lára ọwọ́ Adégbìtẹ́.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Adégbìtẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ní ṣókí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa. Á mi orí, ó parí. Oyèbísí ròyìn oníbàárà kan fún un, tó gbé aṣọ ìyàwó rẹ̀ wá pé kí wọ́n gé e bá ìyá òun mu, tí ìyàwó sì wọlé bá wọn níbi tí wọ́n ti ń wọn ìyá. Ìròyìn tó yẹ kí Adégbìtẹ́ fi rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Oyèbísí bi í bóyá àwòrán ni kò dára. Ó ní ó dára.

Ìgbà náà ni ìyá wọn yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí apá rẹ̀ sì kán. Màmá kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Adégbìtẹ́, kí ọkàn rẹ̀ má bàa dàrú lájò. Lórí fóònù, ó ń sọ fún un pé ara òun le koko. Ṣùgbọ́n Oyèbísí kò fi nǹkan pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó jókòó síwájú kámẹ́rà, ó sì sọ ọ́: Màmá ṣubú. Apá rẹ̀ kán. Ẹ̀rù ń bà mí.

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mi orí, ó sì gbé àtàǹpàkò sókè.

Oyèbísí pa kọ̀ǹpútà dé mọ́ ọn lójú. Kámẹ́rà kọ́ ló ṣẹ̀, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Òun fojú ara òun rí ìka òun kedere ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n òun ló ti yí padà. Èdè òun ti sú u, ìyá òun kò sì jọ ọ́ lójú mọ́. Nígbà tí ìpè tún wọlé, kò gbé e. Ó fi àjákù aṣọ bo kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá tilẹ̀ sọ ọ́ fún?

Màmá ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀, ó nà án sí kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi ẹnu sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ lè rí ètè rẹ̀: "Ojú Adégbìtẹ́ ń wù mí í rí. Pè é fún mi." Ó ti fa ìborùn rẹ̀ bo apá tí wọ́n dì. Oyèbísí kò lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó pè.

Adégbìtẹ́ ló máa ń pè tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí tó jẹ́ pé Oyèbísí ló pè, kí wọ́n tó gbé e lọ́hùn-ún, àwòrán òun fúnra rẹ̀ ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó, kò rí ojú, kò rí ọwọ́. Òjìji kan ló jókòó síbẹ̀ bí òpó tó jóná, fèrèsé sì ń tàn yòò lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbà pé kámẹ́rà náà ti bàjẹ́. Ó ti na ọwọ́ láti fa okùn rẹ̀ yọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nínú oòrùn, tó sì fẹ́ gba fèrèsé wọlé sórí aṣọ àwọn oníbàárà. Màmá dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dá ṣáṣá ti fèrèsé.

Òjìji di èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn iwájú wọlé bọ́ sí Oyèbísí lójú, ètè rẹ̀ àti gbogbo ìka rẹ̀ sì yọ. Bí oòrùn bá kọ lù wá lójú, a máa ń fún ojú pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kámẹ́rà náà ti ń fún ojú pọ̀ fún fèrèsé, tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn.

Adégbìtẹ́ gbé ìpè. Ó fò dìde lórí àga. "Mo rí ọwọ́ rẹ!" ló fi ọwọ́ méjèèjì wí. "Oyèbísí, mo rí ọwọ́ rẹ!" Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ lọ sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, níbi tí ìborùn ti yọ̀ kúrò léjìká Màmá. "Kí ló ṣe apá Màmá?"

"Mo ti sọ fún yín, ẹ sì rẹ́rìn-ín!"

Adégbìtẹ́ padà jókòó. "N kò rí i," ló fi ọwọ́ wí. "Ó pẹ́ tí n kò ti rí ohun tí ò ń sọ. Kò sí ẹni tí mo ń bá sọ èdè yìí níbí. Mo rò pé mo ti ń gbàgbé rẹ̀ ni. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọ."

Oyèbísí bú sẹ́kún. Kì í ṣe ìbínú mọ́.

Nígbà tí Adégbìtẹ́ ti fi ẹnu ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màmá, ìyá wọn wo fèrèsé tó tì, ó wo àga ìránṣọ, ó sì mí kanlẹ̀. "Ẹni tó kẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀, kó má bínú sí ojú tí kò rí i," ló wí. Adégbìtẹ́ fi ọwọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá kọjú sí i. "Ìwọ ńkọ́? O kò gbọ́, o wá ń mi orí. Ṣé aláǹgbá ni mo bí ni?"

Kí òjò tó dá, Oyèbísí ti gbé tábìlì lọ síbi fèrèsé, ó gbé kámẹ́rà kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bà lé òun lójú. Láti ẹnu Màmá ni ọ̀rọ̀ náà ti dé etí aládùúgbò, àwọn àgbà sì gbé e.

Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ń ráhùn pé ará ilé òun kò mọ ìrora òun, tàbí pé ọ̀rẹ́ òun kò ka òun sí, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò jókòó síbi tí wọ́n ti lè rí i. Àgbà tó bá mọ ìtàn náà dé ìdí rẹ̀ kì í sì í pa á láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ń pa á kí onítọ̀hún lè yí àga rẹ̀ padà ni.