Ìdí Tí Ara Ọkọ̀ Fi Ń Gbàgbé Ojú Ènìyàn

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀nà ìlú wa, tí Omi àti Oòrùn àti Iyanrìn ṣì ń bá ọmọ ènìyàn tàkùrọ̀sọ, ara ọkọ̀ kò rí bó ṣe rí lónìí.

Ọ̀dà ara rẹ̀ jìn bí odò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ohunkóhun tí ọkọ̀ bá rí, inú ọ̀dà yẹn ni yóò máa gbé. Bí ọkọ̀ bá kọjá lábẹ́ ọ̀pẹ, ọ̀pẹ náà yóò dúró sí i lára. Bí lékeléke bá fò kọjá lókè rẹ̀, lékeléke náà yóò máa fò lọ, fò bọ̀, lórí òrùlé rẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín onítọ̀hún kò ní parẹ́.

Ní ìlú Ìdí-Fúrúùtù, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láníhùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nílùú, òun ló sì ni ín. Àwọ̀ aró ni ọkọ̀ náà, irú aró tí wọ́n bá rẹ aṣọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje.

Ṣìjúadé ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a fọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, wọn yóò tì í sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìnkùlé. Ṣìjúadé kì í jẹ́ kí ọwọ́ kan ọkọ̀ kí omi tó kàn án. Láti orí òrùlé ni yóò ti rọra máa da omi, tí eruku yóò máa ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Garawa méjì ló máa ń gbé kalẹ̀. Omi ọṣẹ wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú èkejì tí ó fi ń ṣan aṣọ tó fi ń fọ̀ ọ́. Ara ògbólógbòó ìró rẹ̀ ló ti gé aṣọ náà, ó sì rọ̀ bí etí ehoro.

"Ẹ rọra, Bàbá Mojí," ni yóò máa wí. "Ẹ ṣe é bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun."

"Irin ni, Ṣìjú," Láníhùn á fèsì.

"Irin ni lóòótọ́. Ta ló wá sọ pé irin kò ní awọ?"

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á máa bá iṣẹ́ lọ.

Ní Sátidé kan, Ṣìjúadé lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ń fi aṣọ gbígbẹ fa omi kúrò lára rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú ọ̀dà náà, ọṣẹ tó ń hó ti ta sí i nímú. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn dúró sára ilẹ̀kùn. Bí o bá kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án, o ó rí i. Bí o bá kọjá níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, o ó rí i.

Nígbà tó di ọdún kan, tí ọyẹ́ kò tíì wọlé, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta gbé Ṣìjúadé lọ.

Láníhùn kò wa ọkọ̀ náà mọ́. Ní àràárọ̀, yóò gbé àpótí ìjókòó jáde, yóò jókòó síwájú ilẹ̀kùn awakọ̀, yóò sì máa wo ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀. Òòlù àti ayùn ń bẹ níbi tó fi wọ́n sí. Ẹni tó bá gbé àga tó kán wá, á gbé e padà lọ sílé.

Ọyẹ́ dé. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ọkọ̀, ó ń tẹ́ lé ara rẹ̀ ní ìpele ìpele. Láníhùn kò nù ún. Iṣẹ́ tí òun àti Ṣìjúadé ti jọ ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rù ń bà á láti fi ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ṣe é. Nígbà tó yá, kò rí ojú Ṣìjúadé mọ́. Síbẹ̀ ó mọ̀ pé ó wà lábẹ́ eruku náà, bí ẹni tó da aṣọ borí sùn.

Ọyẹ́ kọjá lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó jíṣẹ́ fún un. Ọ̀dọ̀ Mojírayọ̀ ni iṣẹ́ náà ti wá, ọmọ kan ṣoṣo tí Láníhùn àti Ṣìjúadé bí. Ìlú òkèèrè ló ń gbé. Oyún inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀.

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti bímọ," ni awakọ̀ náà wí. "Obìnrin ni. Yéwándé ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti wà lọ́nà láti àná, wọn yóò dé lọ́sàn-án òní. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ náà wá rí ojú ìyá òun lára ọkọ̀."

Láníhùn fò dìde. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ó wojú ọ̀run, ó rí i pé ọ̀sán ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọkọ̀, eruku bò ó bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò nínú rẹ̀.

Kò rántí ti abẹ́ igi. Ní gbangba ìta ni ọkọ̀ wà, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ fọ̀ ọ́. Garawa kan ṣoṣo ló pọn omi sí. Ó bu ọṣẹ dúdú sí i, ó sì wọ ilé ìdáná lọ mú kànìnkànìn tó fi ń ha ìdí ìkòkò, nítorí ó rò pé yóò yá ju aṣọ lọ.

Omi gbójú sókè nínú garawa. "Láníhùn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gorí ọkọ̀. Iyanrìn ń sùn nínú eruku yẹn. Èmi ni mo mọ bí a ṣe ń jí i."

"Kò sí àyè," ni Láníhùn wí. "Ọmọ mi ti ń bọ̀ lọ́nà."

"Jẹ́ kí a tì í síbi òjìji, ó kéré tán."

Oòrùn gbọ́, ó sì dá sí i láti òkè. Kò ní ìkà nínú, ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín ni. "Òjìji kẹ̀? Fi í sílẹ̀ fún mi. O ò tilẹ̀ nílò aṣọ gbígbẹ. Kí o tó ṣẹ́jú, n ó ti mú un gbẹ."

"O ṣeun," ni Láníhùn wí, ó sì gbé kànìnkànìn lé ọkọ̀.

Iyanrìn ta jí. "Ta ló ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀?" Ẹ̀rù bà á, ó sì fi eyín di kànìnkànìn mú pinpin. Bí Láníhùn ṣe ń yí ọwọ́ po ni Iyanrìn ń yí po pẹ̀lú rẹ̀. Ṣàá-ṣàá-ṣàá. Láti òrùlé dé iwájú, láti iwájú dé ẹ̀gbẹ́.

"Ó ń dùn mí," ni ọkọ̀ wí, ní ohùn jẹ́jẹ́.

Láníhùn gbọ́ ọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ewé ló ń dún. Ó tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn rẹ̀, Oòrùn ti ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ọṣẹ gbẹ kí omi tó kàn án. Omi gbẹ sí i lára láìsí aṣọ tó nù ún, ó sì fi àmì funfun kéékèèké sílẹ̀ káàkiri. Láníhùn fọ ilẹ̀kùn awakọ̀ gbẹ̀yìn. Ó da ìyókù omi lé e, ó sún sẹ́yìn, ó sì wò ó.

Ìlà ló rí. Ìlà tín-ín-rín, òbìrí lórí òbìrí, bí ìgbà tí aláǹtakùn bá ta okùn bo gbogbo ara ọkọ̀.

Nígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Lékeléke ló kọ́kọ́ lọ. Ó gbọn ìyẹ́ lórí òrùlé, ó gbéra kúrò nínú ọ̀dà, ó sì fò sókè láìdún. Àwọn ọ̀pẹ yọ gbòǹgbò wọn bí ẹni ń yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n sì léfòó lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìkùukùu ọdún tó kọjá jáde, òjò ọdún tó kọjá jáde. Gbogbo ẹni tó ti rẹ́rìn-ín sí ọkọ̀ náà rí ń jáde bí èéfín àárọ̀, ojú wọn tutù, wọ́n ń lọ.

Láníhùn sáré lọ na apá méjèèjì bo ilẹ̀kùn. "Ṣìjú, dúró! Jọ̀ọ́, dúró."

Ojú Ṣìjúadé ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́ yángá bí òṣùpá inú odò tí ẹnì kan fi ọwọ́ rò. Ó wo ọkọ rẹ̀. Kò bínú. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín rẹ̀ dún, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó gba èjìká Láníhùn kọjá bí afẹ́fẹ́, ó gba àárín ewé fúrúùtù, ó sì lọ.

"Ẹjọ́ Oòrùn ni," ni Omi wí.

"Ẹjọ́ Iyanrìn ni," ni Oòrùn wí.

"Èmi tí mo ń sùn jẹ́jẹ́ mi?" ni Iyanrìn wí.

"Ẹ dákẹ́," ni Láníhùn wí. "Ọwọ́ mi ni." Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù, ó gbé kànìnkànìn sórí itan.

Bí Mojírayọ̀ ṣe bá a nìyẹn. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Bàbá mi." Ó gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Bàbá, Màámi dà?"

Láníhùn sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi ọ̀kan pamọ́.

Mojírayọ̀ sunkún. Kò pariwo. "Ẹ ò bá dúró dè mí, Bàbá," ni ó wí. "Mo mọ bí Màámi ṣe ń fọ̀ ọ́. À bá jọ fọ̀ ọ́ ni."

"Mo fẹ́ kí o bá a ní mímọ́."

"Bó bá dọ̀tí, ṣé kò ní jẹ́ ìyá mi ni?"

Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ títí ọkàn wọn fi rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Mojírayọ̀ nu ojú. "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká tì í sábẹ́ igi. A ò lè fi í sílẹ̀ báyìí, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára."

Wọ́n tì í. Mojírayọ̀ pọn omi sí garawa méjì. Ó wá aṣọ tó rọ̀. Láníhùn sì tẹ̀lé e bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Omi rọra gorí òrùlé, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ fún Iyanrìn tó kù pé, "Dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Iyanrìn na ara, ó yán, ó sì tẹ̀lé e lọ sílẹ̀ láìjà. Wọ́n fi aṣọ fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n ń ṣan aṣọ ní garawa kejì. Wọ́n fi aṣọ gbígbẹ fa omi rẹ̀ kúrò. Àmì funfun lọ. Ìlà kò lọ.

Ọkọ̀ mí kanlẹ̀. "Láníhùn, n ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n n kò ní lè gbé ojú ẹnikẹ́ni pamọ́ mọ́. Mo ti mọ bí ó ṣe ń dunni nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Ẹni tó bá dúró síwájú mi, n ó fi ojú rẹ̀ hàn án. Bó bá lọ, n ó jẹ́ kó máa lọ."

Ojú ti Oòrùn. "Èmi náà jẹ̀bi," ni ó wí. "Láti òní lọ, ibi tí ẹnikẹ́ni bá ti fi iyanrìn họ ara ọkọ̀, n ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kò ní ṣe é fi pamọ́."

"Bí wọ́n bá sì jẹ́ kí Oòrùn lé mi kúrò lára ọkọ̀," ni Omi wí, "n ó fi ojú ẹsẹ̀ mi funfun sílẹ̀."

Mojírayọ̀ tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì gbé e fún bàbá rẹ̀. Láníhùn lóṣòó síwájú ilẹ̀kùn, ó gbé Yéwándé sí orúnkún. Ojú méjì ló wà nínú ọ̀dà: ti arúgbó kan, àti ti ọmọ kan tí kò tíì ní eyín. Kò sí ẹ̀kẹta.

Láníhùn wo ibi tí ẹ̀kẹta ìbá wà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa Ṣìjúadé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

"Yéwándé," ni ó wí, "ìyá ìyá rẹ kò ga. Ẹ̀rù ewúrẹ́ máa ń bà á. Bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ọbẹ̀, yóò ní ariwo àdúgbò ló fà á..."

Mojírayọ̀ jókòó tì wọ́n, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Wọ́n sọ ọ́ títí òjìji igi fi nà kọjá ilé.

Láti ọjọ́ náà ni ara ọkọ̀ ti ń fi ojú wa hàn wá, tó sì ń gbàgbé wa bí a bá ti kọjá. Ẹnu ni a fi ń pa ojú àwọn tó ti lọ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn náà ni àwọn tó mọṣẹ́ ti ń ti ọkọ̀ sábẹ́ òjìji, tí wọ́n ń jẹ́ kí omi ṣáájú ọwọ́. Bí ẹ bá sì rí ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí okùn aláǹtakùn tín-ín-rín ń dán yípo lára rẹ̀, ẹ má wá aláǹtakùn. Ẹnì kan ló ti kánjú níbẹ̀.