Ìbánikẹ́dùn fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlabí
Ímeèlì kan wọlé fún Morádékẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, lórúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínlabí, olórí ẹ̀ka wọn. Ó ní iṣẹ́ ti dé fún un, àmọ́ kó fi nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì á gbà á. Morádékẹ́ kò jiyàn. Ó kọ ọ́ pé, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Ọlọ́run á tẹ́ ìyàwó yín sáfẹ́fẹ́ rere.” Èsì dé kíá: “O ṣeun, ọmọ mi. Ikú rẹ̀ dùn mí dọ́kàn. Nọ́ńbà yẹn dà?” Morádékẹ́ gbé fóònù náà tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ lọ, Fadá ìjọ Àgùdà tí kò gbéyàwó rí láyé. Bàbá kà á, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni wọ́n ti rí mú?” “Títíládé tá a jọ ń gbé yàrá, Fadá. Wọ́n gbá owó ilé-ìwé rẹ̀ lọ. Ó ti kẹ́rù relé.”