Ìlú Kékeré Inú Yàrá Oyèkàn

Ní ìlú Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, níbi tí ojú irin ti gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ládòkun. Òun ni àgbà ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Àgbẹ̀ ni, apá rẹ̀ ká iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò sì burú, ṣùgbọ́n ohun méjì ni gbogbo ìlú fi mọ̀ ọ́n. Èkíní ni imú rẹ̀. Imú náà ga lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó mọ ọ́n gbàgbé láti dáwọ́ dúró. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, a máa sọ pé bí ọkọ òun bá ń ti oko bọ̀, imú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń kọ́kọ́ kí káàbọ̀. Èkejì ni ìfura. Ládòkun kì í jẹ ẹ̀kọ tí kò bá mọ ẹni tó dì í. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò béèrè pé ta ló rán an.

Ìfura yìí ní orírun. Nígbà tí bàbá rẹ̀ àgbà wà láyé, àwọn ọkùnrin kan wá sí oko ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Wọ́n fa okùn lọ, wọ́n fa okùn bọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gba omi mu. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ni okùn wà fún. Nígbà tí ọdún fi máa yípo, irin ti la oko náà sí méjì, igi obì ńlá tó wà láàárín rẹ̀ sì ti di ìtì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti sọ ọ́ di èèwọ̀ nílé wọn pé kí ẹnikẹ́ni fi okùn wọn ilẹ̀ tàbí ògiri láìkọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún àgbà ilé.

Oyèkàn ni àbúrò Ládòkun, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti bá rélùwéè lọ. Iṣẹ́ àtúnṣe ojú irin ló ń ṣe láti ìlú kan dé ìkejì, títí ọkọ̀ ojú irin fi dẹ́kun kíkọjá, tí koríko bo irin mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Ó padà wá sílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ kan àti àpò aṣọ kan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ládòkun fún un ní yàrá ẹ̀yìn, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Inú rẹ̀ dùn pé àbúrò òun wálé, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò tọ́jọ́.

Ní òwúrọ̀ kan, ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó bá Oyèkàn tó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti igun kan dé ìkejì. Oyèkàn wọn ògiri, ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì wo òrùlé, ó sì so kókó sí okùn náà.

"Oyèkàn!"

"Bùọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀."

"Kí lò ń fi okùn wọ̀n?"

"Ilé ni."

"Mo rí i pé ilé ni. Ojú mi ò fọ́. Kí lo fẹ́ fi ilé ṣe?"

Oyèkàn ká okùn náà mọ́ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ kó dára ná. Tó bá dára tán, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i."

Irú èsì wo nìyẹn? Ládòkun wọlé, ó jókòó, kò jẹun. Bóyá ìrìn àjò ló mú kí ọmọkùnrin yìí gbàgbé èèwọ̀ ilé, bóyá kò sì gbàgbé rárá. Ẹni tó bá ń wọn ilé, ó ní ẹni tó fẹ́ tà á fún.

Láti ọjọ́ yẹn ni Oyèkàn ti fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó yá odó Ìyá Mọrẹ́nikẹ́, ó gbé e wọlé, ó tìlẹ̀kùn. Gbogbo ilé ń gbọ́ gbì, gbì, gbì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òórùn iṣu. Ó fọ odó náà mọ́ kó tó dá a padà, ṣùgbọ́n imú Ládòkun kì í ṣe imú yẹpẹrẹ. Ó ti imú bọ inú odó, ó fa òórùn rẹ̀ símú.

"Páálí ni, pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Ta ló ń gún páálí jẹ?"

"Ẹ bi àbúrò yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìwọ ni mò ń bi."

"Èmi ò bá a gún un o. Ó fọ odó mi, ó sì dúpẹ́. Ìyẹn ju ohun tí àwọn kan ń ṣe nínú ilé yìí lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ń le sí i ni. Oyèkàn lọ gbọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó nídìí ayùn àwọn káfíńtà, ó pa á láró títí ó fi dúdú bí ewéko. Ó ṣa agolo mílíìkì àti agolo sàdíìnì jọ. Ó tọrọ kànìnkànìn àti dígí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ tó ti sán létí. Èyí tó wá já Ládòkun láyà jù lọ ni pé ó rí i tó bẹ̀rẹ̀ níwájú ilé, tó ń bu erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà gan-an sínú agolo, tó sì fi ewé bò ó kí atẹ́gùn má baà gbé e.

Ládòkun gbé orí lọ fún Sùbérù onígbàjámọ̀. Sùbérù a máa fá orí, a sì máa fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò.

"Erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà kẹ̀?" Sùbérù gbé abẹ kúrò lórí rẹ̀.

"Ojú mi ló ṣe."

"Àti dígí?"

"Àti dígí."

"Ṣé ó ti gbẹ́ ère?"

"Ère wo?"

"Hẹn-ẹn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ère, ẹ má bi mí mọ́. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Orí ni mò ń fá."

Ládòkun kò dúró kó fá ìyókù. Pẹ̀lú ìdajì irun lórí, ó gba ẹ̀yìn ilé, ó yọjú lójú fèrèsé yàrá Oyèkàn. Àbúrò rẹ̀ kọ̀yìn sí i, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ igi kan tí kò gùn tó ìka. Igi náà ti ní orí, ó ti ní ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Oyèkàn mú èérún aṣọ kan, ó fi bo èjìká ère náà.

Ládòkun mọ aṣọ yẹn. Kíjìpá ni, aláró tí fọ́nrán owú pupa kan ṣoṣo là láàárín. Ìyá wọn ló hun ún fún un nígbà tó di géńdé, fọ́nrán pupa yẹn ló sì fi ṣàmì sí i kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀ níbi ìsáṣọ. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Ó sáré lọ sídìí àpótí aṣọ rẹ̀, ó tú u dé ìsàlẹ̀. Kò rí aṣọ náà.

"Ó ti jí i," ló wí. "Aṣọ ara mi, erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà mi, àti ère. Kí ló tún kù?"

Bí Oyèkàn ṣe jáde wá fọwọ́, Ládòkun dúró dè é.

"Ọ̀la lọjọ́ ọjà. Kí oòrùn tó wọ̀, yálà kó o ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi, tàbí kó o kó ẹrù ẹ kúrò nílé bàbá mi."

Oyèkàn wò ó títí. "Ilé bàbá wa ni, bùọ̀dá mi."

"Bàbá wa ò fi okùn wọn ilé ara ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fún mi ní ọ̀la náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò tíì mú dúró síbi tó yẹ ẹ́."

Ẹnì kan ṣoṣo! Ládòkun mọ̀ pé òun ni ẹni náà.

Lọ́jọ́ kejì, bí Oyèkàn ti gba ọjà lọ ra gọ́ọ̀mù, Ládòkun mú ọkọ́, ó fi já àgádágodo náà. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kígbe pé, "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, ẹ má fọwọ́ ara yín tú ilé ìyá yín ká o!" Kò gbọ́.

Tábìlì gbọọrọ kan, tí Oyèkàn fi ilẹ̀kùn àtijọ́ kàn, ló gba gbogbo yàrá. Láti òkè tí Ládòkun dúró sí, gbogbo ohun tó rí ló jọ ẹ̀rù: lẹ́búlẹ́bú tútù bí ewé, òkítì aláwọ̀ eérú, wáyà tó yí po bí ejò, dígí tó tẹ́jú sílẹ̀, àti àwọn ère pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n dúró, tí wọn kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọkọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun kan tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tò ṣẹ́, wáyà fò, dígí là.

Ó tún gbé e sókè. Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ di ẹ̀rú ọkọ́ náà mú lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ ti lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹ wo ohun tí ẹ ń lù ná!"

"Oògùn ni! Ó sin nǹkan sábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá rí i, èmi fúnra mi máa bá yín dáná sun ún."

Ládòkun kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Pákó ló rí, àti àpótí irinṣẹ́. Ó di etí tábìlì mú kó lè dìde, ojú rẹ̀ sì wá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Kò dìde mọ́.

Láti ibẹ̀, òkítì aláwọ̀ eérú kì í ṣe òkítì mọ́. Àpáta Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ni, pẹ̀lú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páálí inú odó ni wọ́n fi mọ ọ́n. Kànìnkànìn ni igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá. Wáyà ni ojú irin, igi ìgbálẹ̀ ló sì sùn lé. Ibùdókọ̀ rélùwéè wà níbẹ̀ pẹ̀lú òrùlé agolo tí wọ́n kùn ní pupa. Ilé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ náà wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ sán níbi tó ti sán lóòótọ́, erùpẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́bàá irin, níbi tí igi obì bàbá àgbà wà kí wọ́n tó gé e, Oyèkàn ti gbin òmíràn.

Ọkọ̀ ojú irin dúró níbùdókọ̀, agolo sàdíìnì ni. Ojú ọmọkùnrin kan yọ ní fèrèsé rẹ̀, ó na ọwọ́ síta. Níwájú rẹ̀, lórí pèpéle, ère kan ti ṣubú sẹ́yìn nígbà tí ọkọ́ ba tábìlì. Kíjìpá wà léjìká rẹ̀. Ojú Ládòkun lọ sí odò tí wọ́n fi dígí ṣe lábẹ́ afárá tó ṣẹ́, ó rí imú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún wo ère tó dùbúlẹ̀. Imú kan náà ni. Ó ga lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀.

"Imú mi rè é," ló wí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ó sì rántí. Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Oyèkàn wọ ọkọ̀, ó ń gbọ̀n, aṣọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọkọ̀ ti ń lọ kí Ládòkun tó bọ́ kíjìpá léjìká ara rẹ̀, ó sá tẹ̀ lé ọkọ̀ lórí pèpéle títí ọwọ́ àbúrò rẹ̀ fi tẹ aṣọ náà. Òun ló fi aṣọ náà tọrẹ. Àpótí kò lè pa ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni Oyèkàn bá a pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ó wo àgádágodo, ó wo afárá.

"Oyèkàn, èmi ni mo fọ́ ọ."

"Mo rí i, bùọ̀dá mi."

"Mo rò pé..."

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ rò. Sùbérù pàdé mi lọ́jà, ó ní ṣé mo ti gbẹ́ ère tán."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Kí n ní kí ni? Pé àgbàlagbà ń fi páálí ṣeré? Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i. Ibi gbogbo tí mo ti ṣiṣẹ́, tí fèrè ọkọ̀ bá ti dún, ẹ̀yin ni mò ń rí lórí pèpéle yẹn." Ó ṣí àpò aṣọ rẹ̀, ó fa kíjìpá yọ, odindi, àfi igun kan tó gé. "Mi ò jẹ́ kó ya. Ẹ̀yin lẹ kù, tí mi ò tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Níbo lẹ fẹ́ dúró sí?"

Ládòkun gbé ère náà lé àtẹ́lẹwọ́. Omi wà lójú rẹ̀. "Níbi tó o fi mí sí náà ni." Ó tún wò ó. "Àmọ́ imú yìí ò wá pọ̀ jù?"

"Mo ti dín in kù, bùọ̀dá mi."

Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló tún afárá náà ṣe; Ládòkun di igi mú, Oyèkàn lẹ̀ ẹ́. Wọn kò pààrọ̀ dígí tó là. Nígbà tí ìlú gbọ́, tí wọ́n ń rọ́ wá wò ó, Sùbérù ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró gangan lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé pàǹtí yìí náà ni?" Ládòkun gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá etí tábìlì dọ́gba.

"Má tíì sọ̀rọ̀," ló wí. "Jẹ́ kí ojú ẹ farabalẹ̀. Wá imú mi ná."

Bẹ́ẹ̀ ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, títí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò nínú yàrá yẹn, tó di ohun tí àwọn àgbà fi ń pàrọwà fún ẹnikẹ́ni tí ìfura tàbí ìbínú bá gbé ọkọ́ lé lọ́wọ́, pé: bí ojú bá farabalẹ̀, a rí imú.