Ẹni Tó Sọ Pé Ìdí Ọkọ̀ Náà Le

Ní etí ọ̀sà kan, ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Kì í ṣe ọkọ̀ àjẹ̀ onípákó o, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi fáíbà ṣe ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́ náà. Gbogbo àwọn tó ń wa ọkọ̀ ní èbúté yẹn ló mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá ni wọ́n sì máa ń pè é. Bí Ọ̀gá bá ti wo ọkọ̀ kan tó ní ó dára, kò tún sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń kó èrò kọjá sí òdìkejì ọ̀sà mú ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ọkọ̀ náà ti gbó. Ìdí rẹ̀, níbi pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ́yìn, ti sán. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yọ yí àwọn nọ́ọ̀tì tó di ẹ́ńjìnnì mú ká, bí èèpo ẹyin tó sán tí kò tíì fọ́.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàńpàkò ra ojú ibẹ̀. Ó yẹ kó mú òòlù kékeré, kó fi kàn án káàkiri, nítorí pé pákó wà láàárín fáíbà ti inú àti ti òde, pákó yẹn ló sì ń gbé ẹ́ńjìnnì ró. Bí pákó náà bá le, á dún kó, kó. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó ti jẹrà, á dún bọ̀bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń gbá tìmùtìmù. Ọ̀gá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ní èbúté lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n dúró yí i ká, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì wù ú kí ó dáhùn kíákíá.

Ó ní, "Ara ló sán. Kò dé inú. Ìdí ọkọ̀ yìí le koko."

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ó rọra sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ṣe jẹ́ ká lu ihò kékeré kan sí i, ká wo bí pákó inú rẹ̀ ṣe rí?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ọkọ̀?"

Gbogbo àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fá ibi tó sán náà kí ó lè fi fáíbà tuntun lé e. Bó ṣe ń fá a ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde. Omi náà pọ́n bíi ti irin tó dípẹtà, ó sì ń rùn. Ọ̀gá dáwọ́ dúró. Ó wá mú òòlù, ó kàn án. Bọ̀bọ̀ ni ó ń dún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ki irin ṣóńṣó kan bọ̀ ọ́, irin náà sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún búrẹ́dì.

Ohun tó yẹ kí ó ṣe kò fara sin. Kí ó gé fáíbà náà kúrò, kí ó kó gbogbo pákó tó ti jẹrà jáde, kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, kò sì kọjá agbára rẹ̀. Ohun tó kọjá agbára rẹ̀ ni kí ó lọ bá ẹni tó ni ọkọ̀, kí ó wí fún un pé, "Mo ṣì í wò lánàá." Ó ro bí àwọn èèyàn á ṣe máa wo òun. Ó ro ọkùnrin tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì í níbi tí òun nìkan jókòó sí.

Ó wá dá ọgbọ́n kan, ó fi pákó tó jẹrà náà sílẹ̀ sínú. Ìpele fáíbà méjì ló yẹ kí ó lò, mẹ́fà ni ó lò. Ó fara balẹ̀ ṣe é ju iṣẹ́ èyíkéyìí tó ti ṣe rí lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Á gbé e. Á gbé e." Ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó sì ń dán. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ wá gbé e, ó dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá ń kọjá ni Ọ̀gá máa ń fi ojú sin ìdí rẹ̀ títí á fi wọ inú kùrukùru lọ. Ní oṣù karùn-ún, ní ọ̀sán kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an, ìdí ọkọ̀ náà ya dànù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì láàárín ọ̀sà, omi sì ya wọlé láti ẹ̀yìn. Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀. Àwọn apẹja yọ mẹ́jọ. Ẹni kẹsàn-án ni Fẹ́yìkẹ́mi, àbúrò ẹni tó ni ọkọ̀ náà gan-an, tó ń wà á fúnra rẹ̀. Fẹ́yìkẹ́mi ń lọ kí ìyá wọn ni. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ láàárín ewé orí omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó ni ọkọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá. Ọ̀gá rò pé ìjà ló bá wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wù ú kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú pé mo ba iṣẹ́ yín jẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe dára. Èmi ni mo sáré jù. Mo rí i pé afẹ́fẹ́ ń bọ̀, mo rò pé mo lè dé ṣáájú rẹ̀. Èmi ni mo pa àbúrò mi."

Ọ̀gá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ohun tó jáde ni pé, "Ọlọ́run ló mọ ohun gbogbo. Mú ọkàn le."

Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Kò wa ọkọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó wọlé tọ òun mọ́, nítorí ohun tó sọ fún Ọ̀gá náà ló sọ fún ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kó kúrò nílùú.

Ọdún méjì kọjá kí Ọ̀gá tó lè dìde lọ jẹ́wọ́. Ìyá náà nìkan ló bá. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sọ ohun gbogbo, látorí omi pupa tó sun jáde dé orí ìpele fáíbà mẹ́fà. Ìyá náà kò pariwo, kò sì ṣépè. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Ta ló máa wá bá mi sọ ọ́ fún ọmọ mi? Mi ò mọ ibi tó wà."

Àbúrò mi, ìdí tí mo fi ránṣẹ́ pè ọ́, tí mo sì sọ ìtàn yìí fún ọ, nìyí. Lọ́jọ́ tí ìdílé wa pé jọ, ìwọ lo sọ pé ìyàwó àbúrò rẹ ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, tí Màmá fi dá jáde tí wọ́n ṣubú. Gbogbo wa gbà ọ́ gbọ́, nítorí pé ìwọ ni àgbà nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọ̀dọ̀ Màmá. O ti wá mọ̀ báyìí pé ọmọ tìrẹ ló ṣí i. Mo rí i tí ò ń fi iṣu àti epo ránṣẹ́ sí obìnrin náà, tí o sì ń yìn ín níwájú èèyàn. Kì í ṣe iṣu ló ń retí. Ó ń retí kí o pe gbogbo wa jọ, kí o sì sọ pé o ṣì í wí. Á dùn ọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì gbọ́ pé ó ti ń di ẹrù rẹ̀. Dìde, máa lọ nísinsìnyí tí o ṣì lè bá àwọn méjèèjì nínú ilé kan náà.