Ẹ̀fúnlóyè Tí Kò Yẹra ní Ìdí Àràbà

Iná ni wọ́n fẹ́ fi lé àwọn ará Ìtẹpo kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá igbó ọba ti kó àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ dé ìdí àràbà ńlá tó wà láàárín abà, ògùṣọ̀ ń jó lọ́wọ́ wọn, ìbọn sì wà léjìká. Ó ní igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ni, pé àná òde yìí ni wọ́n jí ilẹ̀ kọ́lé sí. Àwọn ọkùnrin ti ń di ẹrù, àwọn ọmọdé ń ké. Ẹ̀fúnlóyè, ọmọ Atẹpo-má-yọ̀, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbọ̀n níbi tí ilẹ̀ gbé ń yọ̀, dúró létí kòtò tí wọ́n ti ń fẹsẹ̀ tẹ epo pupa, èyí tí ìyá rẹ̀ fi amọ̀ mọ, kò sì di nǹkan kan.

Àwòrán àràbà náà kan ló wà lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀ tó bá wọn wá láti ṣe ẹlẹ́rìí; òun ni ọ̀gá igbó fi ṣe ẹ̀rí pé ilé kankan kò sí níbẹ̀ rí. Nígbà tí Ẹ̀fúnlóyè ṣì wà ní ọmọge, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti mùsíọ́ọ̀mù kan lókè òkun ti wá sí igbó náà. Wọ́n wọn igi, wọ́n ṣa ewé, wọ́n mú ẹyẹ, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ayàwòrán kalẹ̀ láti ya àwòrán àràbà. Ará Ìtẹpo mọ àlejò tọ́jú. Wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò níwájú ẹ̀rọ, wọ́n yí odó kúrò, àwọn fúnra wọn sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ewé kí iṣẹ́ àlejò lè mọ́ kedere. Ilé wọn kò sí nínú àwòrán, nítorí ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ilé wà. Wọn kò mọ̀ pé ohun tí àwọn ń kó kúrò lójú ẹ̀rọ ni àwọn ń kó kúrò lójú ìjọba.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra,” ni ògbufọ̀ Ajẹ́lẹ̀ wí. “Iṣẹ́ ìjọba ni.”

“Ọmọ mi, ta ló bí ọ? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn káàárọ̀ nílé tiyín nìyí, pẹ̀lú ògùṣọ̀? Bá mi gba àwòrán yẹn wá.”

Ajẹ́lẹ̀ nà án sí i. Ẹ̀fúnlóyè gbà á. Ó na ìka sí ọmọge kan tó dúró ti igi náà. “Ta nìyí?”

Ọ̀gá igbó rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n ni. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí a lè mọ bí igi ti tóbi tó.”

“Òṣùwọ̀n yín lórúkọ. Ẹ̀fúnlóyè ni. Èmi ni.”

“Alárù tí wọ́n kó wá láti ibòmíràn ni ọ́!” Ọ̀gá igbó ju ọwọ́, ẹ̀ṣọ́ kan sì gbé ògùṣọ̀ sún mọ́ òrùlé tó wà nítòsí. Koríko etí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, ṣùgbọ́n kò tíì gbiná.

Ẹ̀fúnlóyè wọ inú kòtò epo lọ, epo mù ún dé ojúgun. “Kí ni roboto dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ mi nínú àwòrán?”

“Omi òjò,” ni ọ̀gá igbó dáhùn.

“Omi òjò wo ló ń fi amọ̀ mọ ètè ara rẹ̀? A lé ewúrẹ́, a yí odó, ta ló lè ru kòtò? Ẹ lọ dúró níbi tí ẹni tó yà á dúró, kí ẹ fojú ara yín wò.”

Ajẹ́lẹ̀ gba àwòrán padà, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó gbé e sókè, títí gbòǹgbò àràbà inú rẹ̀ fi bá gbòǹgbò ilẹ̀ mu. Kòtò náà wà níbẹ̀. Obìnrin náà wà níbẹ̀.

“Òtítọ́ lobìnrin yìí sọ,” ni Ajẹ́lẹ̀ wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ fi ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Kí àwọn yòókù máa lọ.”

Ọdẹ́yalé, ẹ̀gbọ́n Ẹ̀fúnlóyè tó jẹ́ baálẹ̀, fi ẹsẹ̀ wọ́ dé etí kòtò. “Àbúrò mi, gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnì kan ṣẹ́kù sàn ju kí gbogbo wa tán.”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi!” Ó yíjú sí Ajẹ́lẹ̀. “Ẹsẹ̀ kan kì í tẹ epo jáde. Ọdẹ́yalé ló kọ ẹyìn yìí lórí ọ̀pẹ. Aládùúgbò mi ló sè é. Àwọn àtọ̀húnrìnwá tó wà létí odò ló gún un. Èwo nínú epo yìí ni tèmi nìkan? Bí òtítọ́ mi bá tó láti gba ilé mi, ó tó láti gba ilé wọn. Bí kò bá tó tiwọn, ẹ ti iná bọ tèmi ná.” Ó wá kígbe sí àwọn ènìyàn rẹ̀: “Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀! Ẹ wá wọ kòtò!”

Obìnrin kan sọ ẹrù, ó wọ kòtò. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí àyè inú kòtò tán, àwọn ọkùnrin rọ̀gbà yí i ká, Ọdẹ́yalé níwájú. Ọ̀gá igbó na ìbọn. Kò sí ẹni tó yẹra.

“Ẹ pa iná yẹn,” ni Ajẹ́lẹ̀ wí.

Òkè odò ni wọ́n ri òkúta ààlà igbó ọba mọ́, lẹ́yìn ilé àtọ̀húnrìnwá tó jìnnà jù lọ. Abà di ìlú, Ẹ̀fúnlóyè ni wọ́n sì ń pè ní olùdásílẹ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ní mùsíọ́ọ̀mù lókè òkun, orúkọ igi nìkan ló wà lábẹ́ àwòrán náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ní Ìtẹpo, àlejò tó bá gbé ẹ̀rọ wá lónìí yóò bá ewúrẹ́ níwájú rẹ̀, yóò bá odó, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a gbé wọn kúrò. Bó bá ya àwòrán tán, wọn yóò jókòó tì í, wọn yóò máa dárúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, láti orí àgbà dé orí ọmọ ọwọ́, kò sì ní gbé ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀ títí yóò fi pè wọ́n tán lẹ́nu ara rẹ̀.